Èèpo Ọ̀bọ̀ǹbọ̀n Tí Ìyá Bẹ̀náà Fọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi kí n tó gbéra pé Pobẹ̀ ò jìnnà, pé ẹ̀yìn Ìlárò lásán ló wà, ẹ kú irọ́ o. Ní ti ilẹ̀, lóòótọ́, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń kọjá, tí kò sì lè ka àkọlé Faransé kan ṣoṣo lára ògiri, ibẹ̀ jìnnà ju bí mọ́tò ṣe ń sọ lọ. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi lọ, kí ẹ má baà rò pé fàájì ni mo bá lọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn dá lórí bí a ṣe lè gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn yàrá tíntìntín tí a fi kọ́ ara. Jíìnì ni ìlànà tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé kó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn kan wà tí jíìnì wọn ní àbùkù látilẹ̀wá, irú àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí a bá lè gbé èyí tó pé wọ inú sẹ́ẹ̀lì wọn, ìrètí wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jíìnì kò lè dá rìn. Bí a bá dà á sínú ara ní ìhòòhò, ara á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbé e.

Ohun tí èmi fi ń gbé e ni wọ́n ń pè ní pólímà. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, ẹyọ kan so mọ́ ẹyọ kejì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi méjì ló wà. Èyí àtọwọ́dá, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí àdáyébá, ara ewéko àti ẹranko ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo lo ti àtọwọ́dá fún ọdún mẹ́ta gbáko. Alágbára ni. Bó bá gbé jíìnì, á dé ibẹ̀ dandan, ṣùgbọ́n á fọ́ ilẹ̀kùn wọlé, á sì pa onílé. Mo wá bọ́ sórí ti àdáyébá tí wọ́n yọ lára èèpo akàn. Ìyẹn níwà pẹ̀lẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó gbé jíìnì wọlé tán, ó wá dì í mọ́ra, kò fẹ́ tú u sílẹ̀ fún onílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà jẹ́ obìnrin tí kì í pariwo. Ó sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé bí òjò ọdún yìí bá dá, tí mi ò tíì rí sẹ́ẹ̀lì tó gba jíìnì, tó lò ó, tó sì yè, kí n gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n lọ bá ẹlòmíràn parí tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, mo ní kò burú. Nígbà tí mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún títí imú mi fi wú.

Bánádì, ọ̀rẹ́ mi tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní yàrá àyẹ̀wò, ló rí imú náà. Ọmọ Pobẹ̀ ni. Ó ní pólímà tó wà lára èèpo akàn, ó wà lára èèpo kòkòrò náà, kí ló dé tí mi ò gbìyànjú ọ̀bọ̀ǹbọ̀n? Ó ní lóko ọ̀pẹ àwọn èèyàn òun, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa ọ̀bọ̀ǹbọ̀n oníwo tó ń jẹ ọ̀pẹ, wọn kì í fín oògùn sí i, èèpo rẹ̀ sì kún ilẹ̀ bí ewé gbígbẹ.

"Lọ bá ìyá mi," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì á bá ara yín mu. Alágídí ni yín."

Ní Sakẹ́tẹ́

Sakẹ́tẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ̀, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá Bánádì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe máa ń pe olùkọ́ lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àgbàlá tí wọ́n gbá tí ojú ìgbálẹ̀ sì hàn lára rẹ̀, igi máńgòrò kan, àga onítìmùtìmù méjì lábẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Bí mo ṣe dìde ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

"Bàbá, Bánádì ló ní kí n wá. Èèpo ọ̀bọ̀ǹbọ̀n ni mo..."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó bu omi tútù sínú ife jáde. Ó mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, ó nu etí ife náà, ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo mu ún. Ó béèrè ara ilé mi. Ó béèrè iṣẹ́. Ó béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Ó béèrè ọ̀nà, àti bí àwọn aṣọ́bodè ṣe ṣe sí mi. Nígbà tí mo ti rò pé ó ti gbàgbé ohun tí mo bẹ̀rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí "ó dáa" bẹ̀rẹ̀:

"Bọ́n. Ọ̀rọ̀ tìẹ ló kù báyìí. Kí ló gbé ọ wá?"

Ojú tì mí. Ó rí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà," ó ní, "ẹnu yín ló máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ yín wọlé. Níhìn-ín, ẹni tí kò tíì mu omi, a ò tíì gbọ́ ohun tó sọ. Bó ti wù kó dùn tó."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ara mi fún omi mímu. Gbogbo ilé tí mo dé ni mo ti ń dákẹ́ dúró de ife, mo sì ń dáhùn gbogbo ìbéèrè láti orí màmá mi títí dé orí adìyẹ. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún èmi tí ẹ mọ̀ yìí.

Ọ̀sán yẹn ni mo jẹ àmìwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi omi tòmátì àti omi adìyẹ rò títí ó fi pọ́n, pẹ̀lú adìyẹ díndín lórí rẹ̀ àti ata tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù. Mẹ́tìrì ń wò mí bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ pé àwọn ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Bánádì o. Bẹ̀náà, bí Faransé ṣe ń pè é, ni ọmọ arábìnrin òun ń jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti mọ ọkùnrin náà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Pobẹ̀

Ìyá Bẹ̀náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọṣẹ ló ń ṣe tà, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń fi epo àti eérú sè. Inú ìjọ aláṣọ funfun ló wà, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Pọ̀tọ̀nóófò ní orílẹ̀-èdè wọn, tí wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ àdúrà. Ilé rẹ̀ mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà tán, mo tún ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Okùn aṣọ rẹ̀ kún fún funfun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo mu omi mi. Mo dáhùn ìbéèrè mi. Inú mi dùn sí ara mi.

Ó wá gbé àwo kan síwájú mi. Ìdin inú ọ̀pẹ ni, ó tóbi tó àtàǹpàkò, ó sanra, Ìyá din ín pẹ̀lú àlùbọ́sà títí ó fi ń ta yanyan nínú òróró ara rẹ̀.

"Ọmọ ọ̀bọ̀ǹbọ̀n rẹ nìyí," ó ní. "Mọ ọmọ kí o tó wá ìyá."

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa yínmú. Ẹ máa yín in lọ. Mo di ojú, mo fi ọ̀kan sẹ́nu, ó bẹ́, òróró kún ẹnu mi, ó dùn bí ọ̀rá ẹran àgbò tí a sun. Mo ṣí ojú. Mo jẹ mẹ́sàn-án.

Ìgbà tí mo ń lá ìka ni Ìyá ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí èèyàn tó kàwé tó báyìí fẹ́ fi èèpo kòkòrò ṣe. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ fún yín lókè yìí. Mo ní èèpo náà ní ẹ̀wọ̀n nínú, a máa yọ ẹ̀wọ̀n náà jáde, a máa wé e mọ́ jíìnì, á sì gbé e wọ sẹ́ẹ̀lì. Ó fetí sílẹ̀ tọkàntọkàn.

"Ìyẹn ni pé ẹrù ni ohun yẹn, èèpo yìí ni alárù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé ó ń gbé ẹrù dé, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn tó ń gbé e fún.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Alárù tó ń pa onílé, ọdún mẹ́ta lẹ fi gbà á síṣẹ́?"

Ó fi aṣọ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì rín in títí adìyẹ fi sá kúrò nítòsí wa. Mo sọ ti òjò fún un pẹ̀lú, pé tí ó bá dá tí mi ò tíì rí nǹkan, iṣẹ́ mi ti parí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní òjò ò tíì dá.

Oko Ìgàná

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀ Ìgàná, lẹ́bàá Pobẹ̀, káàkiri oko ọ̀pẹ. Ìdúró wọn níwájú ọ̀pẹ tí kòkòrò ti lu ihò sí dà bíi ti àgbà tó ń bá ọmọ wí. Wọ́n á ki wáyà gbọọrọ bọ ihò, wọ́n á yí i, wọ́n á fa ọ̀bọ̀ǹbọ̀n jáde, dúdú, tó ń dán, tí ìwo kan yọ lórí rẹ̀. Wọn kì í fi ìbínú pa á. Nídìí ọ̀pẹ tó ti ṣubú tó sì ti jẹrà, èèpo àwọn tó ti kú pọ̀ lọ jàra. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

"Nàìjíríà!" Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn. "Ẹ ò jẹ inú ẹ̀, èèpo lẹ fẹ́?"

"Mo jẹ inú ẹ̀ nílé Ìyá Bẹ̀náà," ni mo fèsì, ìyẹn sì sọ mí di ọmọ onílé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. Obìnrin kan tú gèlè rẹ̀, ó fi di èèpo wá bá mi láti ìdí ọ̀pẹ tó jìnnà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì rí i mọ́. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn.

Àpò méjì kún. Mo gbé wọn sí àgbàlá Ìyá Bẹ̀náà, mo lẹ ìwé mọ́ wọn, mo kọ ọjọ́ àti oko sí i, èmi ọ̀mọ̀wé. Mo wá kọjá sí Ìsàbà, níbi tí wọ́n ní àpò kẹta ń dúró dè mí. Ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀; mo fi bàtà kan sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Mo gbé àpò kẹta padà sí Pobẹ̀, mò ń kọrin lórí ọ̀kadà.

Ohun tí mo bá nílé

Mo wọ àgbàlá, mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́ sínú oòrùn. Orí ẹní náà ni èèpo mi wà, gbogbo àpò méjèèjì. Kò dúdú mọ́. Ó ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Ìyá Bẹ̀náà dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba oríyìn.

"Kí lẹ ṣe sí i, mà?" Mo gbàgbé omi. Mo gbàgbé ìkíni.

"Mo fọ̀ ọ́. Mo dà á sínú omi ògì kíkan, ó sùn mọ́jú níbẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, mo fi omi eérú sè é, mo tún ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹrẹ̀ àti ẹran jíjẹrà ló kún un, Mojí. Kí n wá gbé irú ẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́, kó gbé e kọjá bodè? Wọ́n á ní ilé ta ló ti ń bọ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ṣàlàyé fún un láàárín ẹkún pé bí omi eérú bá le jù, á gé ẹ̀wọ̀n inú èèpo náà sí wẹ́wẹ́, ẹ̀wọ̀n tó ti gé kò sì lè gbé ẹrù. Mo ní ìwádìí kì í ṣe ọṣẹ. Gbogbo ohun tí a bá ṣe, a gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe le tó, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ púpọ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọmọ sọ níwájú ìyá lọ. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá tó jẹ́ ìyá, ẹ rò pé á bẹ̀ mí? Kò bẹ̀ mí.

"Ohun tó mọ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́," ó ní. "Ta ló sì sọ fún ọ pé mi ò mọ bó ṣe le tó? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, tí mo ti ń sè é?"

Ó fà mí dìde, ó mú mi lọ sídìí ìkòkò. Ó bu omi eérú sínú igbá, ó mú ẹyin adìyẹ tútù kan, ó rọra gbé e sí i. Ẹyin náà rì díẹ̀, ó wá léfòó, ibi tí kò ju ojú èékánná lọ yọ sókè omi.

"Bó bá rì pátá, omi ò tíì mú. Bó bá dùbúlẹ̀ sórí omi, ó ti le jù, á bó aláṣọ lọ́wọ́. Bó ṣe rí yìí gan-an ló ṣe rí lánàá."

Mo nu ojú. Mo ń wo ẹyin. Díẹ̀díẹ̀ ni orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ohun kíkan lákọ̀ọ́kọ́, omi eérú lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nínú ìwé wa: ohun kíkan láti yọ ohun líle, ohun tó dà bí eérú láti yọ ẹran. Kẹ́míkà inú ìgò ni tiwa, ó sì gbóná lára púpọ̀ ju ògì lọ. Obìnrin yìí kò ka ìwé náà rí. Ó kàn fẹ́ kí ẹrù àlejò mọ́ ni.

Mo mú ìwé mi jáde, mo kọ ọ́: omi ògì, alẹ́ kan, omi eérú ìdì ẹyìn, ẹyin léfòó, ojú èékánná. Mo fi rúlà wọn ibi tó yọ lókè omi kí n tó mú ẹyin náà jáde. Ìyá Bẹ̀náà ní ṣé mo ti sunkún tán, kí òun lọ gbé oúnjẹ wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tọrọ àforíjì, ó fi ẹsẹ̀ tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n dìde kúrò nínú eruku, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni.

Ó ní kí òun fọ àpò kẹta. Mo dì í mú bí ẹni di ọmọ mú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi ìdọ̀tí tèyí sílẹ̀ fún mi, kí n lè fi wé èyí tí ẹ fọ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó di àpò yẹn sínú àpò mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ní òwúrọ̀ tí mo kúrò, ó wọ aṣọ àdúrà rẹ̀, ó gbàdúrà lórí àpò méjèèjì tó mọ́. Ó wo ẹ̀kẹta, ó ronú, ó gbàdúrà sórí ìyẹn náà.

Ìbàdàn

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwé mi. Ó dé ibi tí mo kọ "ẹyin léfòó" sí, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá sí. Ó wá yọ awò ojú rẹ̀, ó ní ìyá òun náà ṣe ọṣẹ, kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Èmi àti Bánádì, ẹ jọ̀ọ́, Bẹ̀náà, yọ ẹ̀wọ̀n náà jáde. Èyí tí Ìyá fọ̀ gùn. Omi eérú kò gé e. Kẹ́míkà tiwa, tí a fi fọ ti àpò Ìsàbà, ló gé ìyẹn kúrú. A wé ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ jíìnì kan tí wọ́n rí lára ẹ̀dá inú òkun tó máa ń tàn, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á tó sì lò ó, á tan àwọ̀ ewé. A fi ti àtọwọ́dá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. A dà wọ́n sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo, a dúró fún ọjọ́ méjì. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀kán rẹ̀.

Mo tẹjú mọ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ti àtọwọ́dá, ìmọ́lẹ̀ láàárín òkú, bí ti tẹ́lẹ̀. Ti àpò Ìsàbà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Mo gbé ti Ìyá sábẹ́ awò. Ewé. Ewé káàkiri, láti etí dé etí, wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe máa ń lẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń pín sí méjì níbẹ̀. Mo pariwo. Bẹ̀náà sáré wá, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè láàárín ìgò. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó jókòó sídìí awò, kò dìde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí n sì máa bá iṣẹ́ tèmi lọ, kí n má lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Kì í ṣe oògùn o, ẹ má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé Mojí ti rí oògùn. Àwo kékeré ni, sẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀nà ṣì jìn. Ṣùgbọ́n onílé gba àlejò, ó sì yè.

Mo tẹ Ìyá Bẹ̀náà láago níṣẹ́jú yẹn. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ bí ara mi ṣe wà, bí ara màmá mi ṣe wà, bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní:

"Bọ́n. Àwọn onílé yè?"

"Wọ́n yè, mà. Gbogbo wọn."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mo rò pé á pariwo, mo rò pé á kọrin. Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Wá kó àpò mẹ́rin mìíràn tí àwọn ará Ìgàná ṣà fún ọ. Mo ti fọ̀ wọ́n láti ọjọ́ tí o ti lọ, mò ń dúró kí o mọ̀ pé ohun tó mọ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́ ni."